Ẹ Wọn Ọkọ̀ Yẹn Kí Ẹ Tó Ra Práímà

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ka lẹ́tà tí awakọ̀ kan kọ sí yín, èyí tí ẹ gbé jáde níjọ́sí, tó ní òun fún pẹ́ńtà kan lówó gálọ́ọ̀nù méjì práímà, ìyẹn ọ̀dà abẹ́ tí a máa ń kọ́kọ́ fín sára irin kí àwọ̀ tó gorí ẹ̀, fún ọkọ̀ Micra òun, pẹ́ńtà lọ, pẹ́ńtà bọ̀, ó ní kò tó, kí òun tún wá owó ẹ̀kẹta, ni bàbá náà bá fi ìbínú kọ ọ́ pé olè ni gbogbo àwa tí a ń kun ọkọ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ ni mo ti ń rán ọmọ nílé ìwé, torí náà ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n n ò kọ̀wé láti bá bàbá jà o. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sí bí Micra ṣe máa mu gálọ́ọ̀nù práímà mẹ́ta kí nǹkan má wọ́ níbì kan. Ibi tó ti wọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀, àti púpọ̀ nínú àwa tí a ń kùn ún, orúkọ ọkọ̀ la fi ń ra práímà, kò sẹ́ni tó ń wo ọkọ̀ gan-an kó tó dá iye lé e.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Oníbàárà á dé ṣọ́ọ̀bù, á ní ọ̀gá, mo fẹ́ kun Corolla mi, èló ni? Ọ̀gá ò tíì dìde lórí àga tó ti ń ka nǹkan sílẹ̀, práímà gálọ́ọ̀nù kan, fíláà kan tí a fi ń dí kòtò, tínà gálọ́ọ̀nù méjì tí a fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, ọ̀dà báyìí, kílíà tó ń dán lórí àwọ̀ báyìí. Jíìpù ńkọ́? Gálọ́ọ̀nù méjì. Dáńfó? Ẹ ṣáà mú méjì wá náà. Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìlẹ̀kùn, kò fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò bèèrè bóyá wọ́n ti kùn ún rí. Télọ̀ tó fẹ́ rán agbádá fún yín, ṣé á sọ iye yáàdì láì na tépù? Oníbàárà náà á ní owó yẹn ti pọ̀ jù, ṣé ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù ò lè gbé e ni, ọ̀gá tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun á ní kò burú, a máa mánéèjì ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń mánéèjì ẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ ti ń bàjẹ́. Tí práímà ò bá tó, tínà la fi ń nà án. Tínà kì í dúró lára irin o, ṣe ló máa ń fẹ́ lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó jẹ́ kí práímà ṣàn gba ẹnu gọ́ọ̀nù tí a fi ń fín ọ̀dà kọjá. Tó bá ti fẹ́ lọ tán, práímà tí ẹ rà nìkan ló kù lára ọkọ̀. Wọ́n lè da tínà sínú ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù títí á fi pọ̀ tó odindi, ojú á rí i pé gbogbo ara ọkọ̀ ti di àwọ̀ eérú, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan tó wà lára irin ti fẹ́lẹ́ jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde fún yín á máa dán, inú yín á dùn, ẹ á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ lówó omi. Tó bá di oṣù mélòó kan sí i, ìlà sánpépà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ọ̀dà, etí ibi tí wọ́n ti fi fíláà á hàn yípo, òjò á wá ọ̀nà dé ara irin, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ọ̀dà á wú, á sì ṣí. Owó tí ẹ máa fi tún un kùn, àtúnpánẹ́bítà, àtúnfíláà, àtúnfín, ìyẹn ju owó lítà práímà kan tàbí méjì tẹ́ ẹ yọ kúrò lọ fíìfíì. Èyí tó pọ̀ jù náà ò dáa, torí pẹ́ńtà tó bá rí práímà rẹpẹtẹ lè máa fín in léra léra, tí abẹ́ ò tíì gbẹ tó fi da òmíràn lé e, irú ẹ̀ máa ń sún kì, ó máa ń sán, ó sì máa ń ṣí lódindi bí oòrùn bá ti ń pa á.

Ká tó sọ iye wàyí, ẹ jẹ́ ká mọ èwo là ń rà, torí práímà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní etch práímà, ásíìdì wà nínú ẹ̀ tó máa ń jẹ wọ ara irin kó lè dì í mú, fẹ́ẹ́rẹ́ la máa ń fín in, bíi máíkírọ́ọ̀nù 10 péré, máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló sì wà nínú mìlímítà kan, ẹ ẹ̀ rí i pé ó tín-ín-rín gan-an. Kò wà fún dídí ihò rárá, ẹni tó bá sì lẹ bọ́dì fíláà mọ́ ọn lórí tààrà ń wá wàhálà, torí ásíìdì yẹn lè má jẹ́ kí fíláà gan bó ṣe yẹ. Epoxy práímà ní tiẹ̀ ló ń dínà omi kó má baà dé ara irin, á nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 40 sí 60, òun ni mo fẹ́ràn jù lórí irin tí wọ́n ti ha dé funfun, fíláà sì lè wà lórí ẹ̀ láìséwu. Lẹ́yìn èyí ló kan práímà tó nípọn tí wọ́n ń po hádínà, ìyẹn omi tó ń mú un le, mọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní 2K, òun ló ń dí ojú ìlà sánpépà àti ihò tíńtín tó wà lójú fíláà, kóòtù méjì sí mẹ́ta la máa ń fún un, ìyẹn ni pé a máa fín in yíká lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, á wọ máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150, lẹ́yìn náà a tún máa fi sánpépà ha lára ẹ̀ kúrò kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yin ò ní rí èyí tí a ha dànù yẹn mọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ san owó ẹ̀, kò sì sí bí iṣẹ́ ṣe máa mọ́ láìsí i. Ìkẹyìn ni práímà olówó pọ́ọ́kú tí kò ní hádínà, tínà nìkan ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Kíá ló ń gbẹ, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi mu, ó sì máa ń sún kì lẹ́yìn tí ọ̀dà ti wà lórí ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ tèmi, n ò ní fi sí i.

Ṣé ẹ wá rí i pé tí ẹnìkan bá ní kẹ́ ẹ lọ ra práímà láì sọ èwo, kò tíì sọ nǹkan kan? Lítà kan epoxy tí a fín ní máíkírọ́ọ̀nù 50 á bo ìlọ́po méjì ibi tí lítà kan 2K á bò ní máíkírọ́ọ̀nù 100, tí ohun tó ń gbẹ sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì bá dọ́gba.

Ẹ tún wo ohun tó ti wà lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, torí ibí yìí ni owó tó pọ̀ jù ti ń ṣòfò. Ní fáktírì, kí wọ́n tó fi àwọ̀ kankan sí ọkọ̀, odindi bọ́dì ni wọ́n máa ń rì bọ inú táǹkì ńlá kan, wọ́n á wá fi iná mànàmáná fà práímà mọ́ gbogbo ara irin, tó fi dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ò lè dé àti inú ìlẹ̀kùn. Práímà àkọ́kọ́ yẹn ò ju bíi máíkírọ́ọ̀nù 20 lọ, práímà míì, àwọ̀ àti kílíà á wá gorí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá sábà máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan létí títì tó lè ṣe irú ẹ̀, èmi náà ò lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí tí oníbàárà bá dé tó ní ọ̀gá, ẹ ha gbogbo ẹ̀ dànù, mo fẹ́ kó rí bíi tuntun. Ọ̀dà fáktírì tó ṣì di ara ẹ̀ mú, tí kò sán, tí kò ṣí, tí kò wú, ẹ fi sílẹ̀ jàre, kí wọ́n fi sánpépà 320 tàbí 400 ha ojú ẹ̀ kó pàdánù dídán, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó mọ́ kúrò nínú epo àti girísì, ó ti tó láti gba ọ̀dà tuntun. Ibi tí irin ti yọ, ibi tí fíláà wà àti ibi tí ọ̀dà ti sán ló nílò práímà, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n n ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ha ọkọ̀ rárá o, torí àwọn takisí wa tí wọ́n ti kùn lákùntúnkùn láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á dé ọwọ́ ẹnì kẹrin, ọ̀dà orí wọn á ti nípọn jù, á ti máa ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, irú ìyẹn gbọ́dọ̀ kúrò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọn Micra bàbá yẹn. Tépù lásán ni, kí ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òrùlé, fún ìlẹ̀kùn lábẹ́ gíláàsì, fún fẹ́ńdà, fún ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, fún búùtù, fún bọ́ńpà méjèèjì, kí ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ má ka gíláàsì, ẹ má ka ibi táyà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì Micra kékeré yẹn ò ju sìkúwíà mítà kan àti díẹ̀ lọ, òrùlé ò tó méjì, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ara ìta ẹ̀ jọ, nǹkan bíi sìkúwíà mítà 9 lẹ máa bá. Corolla á wọ bíi 11.

Ká sọ pé Micra yẹn wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ ha pátápátá, tá a sì fẹ́ kí 2K gbẹ sí máíkírọ́ọ̀nù 100 lára ẹ̀. Sìkúwíà mítà kan ní máíkírọ́ọ̀nù 100 jẹ́ lítà 0.1 práímà gbígbẹ, sìkúwíà mítà 9 á jẹ́ lítà 0.9. Ó dà bíi pé ó kéré, àbí? Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú gọ́ọ̀nù ló ń gbẹ sára ọkọ̀. Ká ní nínú 100 tá a pò, 40 ló máa kù lẹ́yìn tí tínà àtàwọn omi inú ẹ̀ bá fẹ́ lọ, ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ọjà náà, ó yàtọ̀ láti oríṣi dé oríṣi. Á jẹ́ pé lítà 2.25 àpòpọ̀ ló gbọ́dọ̀ balẹ̀ sára ọkọ̀. Gọ́ọ̀nù náà á wá gba tiẹ̀, torí tá a bá ń fín, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń dé ara irin, ẹ máa ń rí i bó ṣe ń rú bo gbogbo àyíká. Ká sọ pé ìdajì ló ń dé bẹ̀. Àpòpọ̀ tá a nílò ti di lítà 4.5 nìyẹn. Èyí tó pọ̀ nínú 2K máa ń fẹ́ práímà mẹ́rin sí hádínà kan, tá a bá tún fi tínà 20 sórí 100 práímà, lítà práímà kan á di lítà 1.45 àpòpọ̀. Ẹ wá fi 1.45 pín 4.5, á jẹ́ lítà 3.1.

Gálọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń tà fún wa lítà 4 ni. Gálọ́ọ̀nù kan 2K ló tó Micra yẹn látòkè délẹ̀, á sì ṣẹ́kù tó bíi lítà kan tí wọ́n fi máa padà sí ibi tí sánpépà bá ti gé e dé irin, torí ìyẹn ò lè ṣe kó má ṣẹlẹ̀, pàápàá létí ìlẹ̀kùn àti ojú ìlà bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá sì jẹ́ ìlẹ̀kùn méjì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ló ní fíláà, tí ìyókù ṣì dáa, ìyẹn ò ju sìkúwíà mítà 2.4 lọ, ẹ ṣírò ẹ̀ bá a ṣe ṣírò tàkọ́kọ́, kò tó lítà kan géérégé, ẹ ra lítà kan. Micra kan náà ni o, ọ̀kan gbà lítà kan, èkejì gba gálọ́ọ̀nù. Tí pẹ́ńtà bá wá fi orúkọ Micra dá iye lé e, níbo ló ti rí i?

Gọ́ọ̀nù yẹn, mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀, torí òun ni oníbàárà kì í rí rárá. Mo ní ìdajì ló ń dé ara ọkọ̀, gọ́ọ̀nù àtijọ́ tí atẹ́gùn ẹ̀ le jù lè má fi ju 35 lọ síbẹ̀ nínú 100, gọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní HVLP, tí atẹ́gùn ẹ̀ rọ̀, lè fi tó 65 síbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Micra tó gba lítà 3.1 yẹn, gọ́ọ̀nù 35 á sọ ọ́ di lítà 4.4, gọ́ọ̀nù 65 á mú un wá sí 2.4. Práímà kan náà, irin kan náà, lítà méjì ló wà láàárín wọn. Ó ṣeé ṣe kí pẹ́ńtà bàbá yẹn má jí nǹkan kan nínú gálọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Àmọ́ tó bá ti ju gálọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ fún ara ìta Micra, bàbá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tó gbà, kí wọ́n sì fi agolo hàn wọ́n.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo ihò ẹnu gọ́ọ̀nù náà. Práímà tó nípọn ń fẹ́ ihò tó wọ mìlímítà 1.7 sí 2, àwọ̀ àti kílíà ló ń fẹ́ 1.3 tàbí 1.4. Ọ̀pọ̀ wa, gọ́ọ̀nù kan ṣoṣo la ní, 1.4 yẹn la fi ń fín ohun gbogbo, práímà á wá kọ̀ kò ní gba ibẹ̀ kọjá, la bá tún da tínà sí i títí á fi ṣàn. Ẹ ẹ̀ rí i pé bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ra práímà tó tó, gọ́ọ̀nù lásán lè sọ ọ́ di èyí tí ò tó. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ pẹ́ńtà yín bóyá ó ní gọ́ọ̀nù práímà lọ́tọ̀. Kò burú tẹ́ ẹ bá bèèrè, ẹni tó ní in á fi hàn yín tayọ̀tayọ̀.

Níbo ni ìdajì tí kò dé ara ọkọ̀ yẹn wá ń lọ? Ìdáhùn ẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn. Inú àyà àwọn ọmọ iṣẹ́ ni díẹ̀ nínú ẹ̀ ń lọ. Hádínà 2K ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate nínú, ó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó lè fún èèyàn ní ikọ́ fée, tó bá sì ti mú ẹnìkan bẹ́ẹ̀, díẹ̀ tó bá tún fà símú lẹ́yìn ìgbà náà lè gbé e dè. Mò ń rí ọmọdé tí wọ́n fi aṣọ ìnujú di imú, wọ́n dúró sáàárín kùrukùru yẹn, ọ̀gá wọn dúró níta ń júwe. Aṣọ ìnujú ò dá nǹkan kan dúró nínú isocyanate. Ó kéré tán kí wọ́n ní máàsìkì onífílítà tó wà fún ọ̀dà, èyí tó dára jù ni èyí tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gba inú ọ̀pá wọlé láti ìta, kí ẹnikẹ́ni tí kò wọ nǹkan sì jìnnà síbẹ̀. Gọ́ọ̀nù tó dáa ń ṣọ́ owó yín, ó tún ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tí mo bá ní agbára láti fi dandan lé ohun kan nínú iṣẹ́ wa, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ra hádínà bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ rà á, lítà kan fún gálọ́ọ̀nù kan tó bá jẹ́ mẹ́rin sí ọ̀kan, kó jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe fún práímà yẹn. Ẹ má rà á lé, torí hádínà tí wọ́n bá ti ṣí máa ń gba omi látinú afẹ́fẹ́, pàápàá nígbà òjò, á dì, á sì bàjẹ́ nínú agolo. Èyí tí wọ́n bá sì ti pò pọ̀ kò ṣeé gbé pamọ́ di ọ̀la. Wákàtí tí wọ́n kọ sára agolo pé ó lè wà kó tó le, ooru ìwọ̀n 20 ni wọ́n sábà fi wọ̀n ọ́n, ooru tiwa lọ́sàn-án lè wọ 32 tàbí 35, á yá le ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Torí náà ohun tí kóòtù kan máa gbà ni kí wọ́n máa pò lẹ́ẹ̀kan, fún Micra wa yìí tí àpòpọ̀ ẹ̀ jẹ́ lítà 4.5, tó bá jẹ́ kóòtù mẹ́ta, lítà kan àtààbọ̀ ni lẹ́ẹ̀kan. Pẹ́ńtà tó bá pò gbogbo ẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ tó wá ń jẹun lọ, ìdá kan nínú ẹ̀ máa le mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló máa wá sọ pé kò tó.

Mo mọ̀ pé owó ò sí níta, ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń ra práímà tí wọ́n ti bù sínú ike omi, ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó àti níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ n'Íbàdàn níbí náà. N ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń bu ọ̀dà tà ló ń ṣe màgòmágó. Ohun tí mò ń sọ ni pé ike ò ní àkọlé, ẹ ò lè mọ iye hádínà tó fẹ́, ẹ ò lè mọ bóyá wọ́n ti da tínà sí i, gbogbo ìṣirò tá a ṣe lókè yìí ò sì lè bá a ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ lítà kan lẹ fẹ́, ẹ wá agolo lítà kan tó ṣì pa ẹnu dé.

Ohun tí mo máa ń bá àwọn oníbàárà mi sọ ni pé kí wọ́n má kó gbogbo owó práímà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A jọ máa wọn ọkọ̀, máa kọ sìkúwíà mítà ẹ̀ sínú ìwé, máa kọ irú práímà àti iye kóòtù, wọ́n á ra èyí tí ìṣirò bá gbé jáde, wọ́n á mú kí díẹ̀ kù lówó de àtúnṣe. Tí práímà bá ti gbẹ, a máa fín ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí bí ẹni ń wọ́n ọn, a máa wá fi sánpépà ha á. Ibi tí dúdú yẹn bá ti kọ̀ tí kò kúrò, kòtò ṣì wà níbẹ̀, ibi tí irin bá ti yọ, práímà ti tán níbẹ̀. Oníbàárà tó bá wà níbẹ̀ máa fi ojú ara ẹ̀ rí ibi tó kù, a ò ní bá ara wa jiyàn lórí pé ó tó tàbí kò tó. Ẹ̀yin pẹ́ńtà ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ní mò ń tú àṣírí iṣẹ́, àmọ́ ṣé oníbàárà tó ti mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ní lítà mẹ́ta ló máa ná an sí lítà kan àtààbọ̀ ni? Ẹni tí kò mọ̀ ló ń ná an.

Fún ẹ̀yin onídáńfó Èkó, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń kà á. Volkswagen àtijọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá wọn òrùlé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, láìka gíláàsì, á wọ bíi sìkúwíà mítà 22. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ha gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀nù ìdajì, bíi lítà 7.6 ló máa gbà, gálọ́ọ̀nù méjì nìyẹn, àwọn tó ń sọ gálọ́ọ̀nù méjì fún dáńfó ò jìnnà sí òótọ́ lápá ibẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí kò nílò híha kì í gba tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gun òrùlé wò ó kẹ́ ẹ tó rà, torí ibi tí omi òjò ti ń ṣàn létí òrùlé yẹn ni ìpẹtà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ míì tẹ́ ẹ fẹ́ sọ di yẹ́lò, ẹ fi ti inú fúrémù ìlẹ̀kùn àti ibi tó ń hàn tí wọ́n bá ṣí i kún un, ẹ tún ìwé ọkọ̀ ṣe pẹ̀lú, torí àwọ̀ wà nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní práímà funfun tàbí èyí tó mọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí yẹ́lò kì í tètè bo abẹ́ tó ṣókùnkùn, lórí práímà dúdú tàbí eérú tó jin, kóòtù tí yẹ́lò máa gbà á pọ̀ sí i, ọ̀dà yẹ́lò sì wọ́n ju práímà lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, ẹ̀yin olóòtú, ni pé kẹ́ ẹ bá wa wá àyè díẹ̀ lójú ewé tẹ́ ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, kẹ́ ẹ máa gbé iye sìkúwíà mítà àwọn ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Micra, Corolla, Camry, Sienna, Hiace, kórópe, kí ẹni tí kò ní tépù náà rí ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti wọn èyí tó pọ̀ nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi, páńẹ̀ẹ̀lì kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀fẹ́ ni mo máa fún yín. Kẹ́ ẹ sì bá mi sọ fún bàbá onímicra yẹn pé tí ọkọ̀ náà ò bá tíì kúrò lọ́wọ́ pẹ́ńtà wọn, kí wọ́n lọ síbẹ̀ pẹ̀lú tépù, kí wọ́n ní kí pẹ́ńtà kó àwọn agolo práímà tó ṣófo síta kí àwọn kà á, kí wọ́n sì béèrè iye tínà tó wọ inú ẹ̀ kí wọ́n tó san owó ẹ̀kẹta kankan.

Èmi ni tiyín,
Pẹ́ńtà ọkọ̀ kan, n'Íbàdàn